Láìnì Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Wa: Bí Ẹ̀rọ Géèmù Àtijọ́ Ṣe Lè Gba Ara Kọ̀ǹpútà Àlòkù Dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, ọ̀rọ̀ géèmù ni, ọ̀rọ̀ wáyà tẹlifóònù sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí aṣọ kan. Láti 1999 títí di 2002, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal ń wọ aṣọ pupa tí wọ́n kọ Dreamcast sí gàdàgbà láyà. Nwankwo Kanu wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù nígbà náà, yálà nílé ara rẹ̀ ni o, tàbí ní ilé ìwòran tí wọ́n ti ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, yóò ti ka ọ̀rọ̀ náà láyà ọmọ wa láìmọye ìgbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé orúkọ ẹ̀rọ géèmù ni, àti pé ẹ̀rọ náà ní ohun kan nínú tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, bí a kò tilẹ̀ rí i rí.

Iléeṣẹ́ Sega ní ilẹ̀ Japan ló ṣe é. Ó jáde ní Japan ní oṣù kọkànlá ọdún 1998. Ó dé Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, ó sì dé Yúróòpù ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣe módẹ́ẹ̀mù mọ́ ọn láti iléeṣẹ́, ìyẹn ohun tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ di ariwo kí wáyà tẹlifóònù lè gbé e dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ti gbìyànjú irú rẹ̀ ṣáájú: Nintendo ta módẹ́ẹ̀mù fún ẹ̀rọ géèmù Famicom rẹ̀ ní Japan ní 1988, àwọn ènìyàn sì ń fi ra ṣíà nílé; ní 1994, módẹ́ẹ̀mù XBAND jáde ní Amẹ́ríkà fún àwọn ẹ̀rọ géèmù ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ lowó ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ lowó módẹ́ẹ̀mù. Ti Dreamcast, bí o bá ti ṣí páálí, módẹ́ẹ̀mù ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú wáyà tí wàá kì bọ ojú ihò tẹlifóònù lára ògiri. Sega gbà gbọ́ pé kò sí ilé tí kò ní ihò náà.

Ẹ wá bá mi bojú wẹ̀yìn wo ilé tiwa ní ọdún 1999 yẹn. NITEL, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985, ló ni wáyà tẹlifóònù ilẹ̀ wa. Títí di 2001, láìnì tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó ìdajì mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ àwa tó ń gbé ilẹ̀ yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ní àdúgbò tí ilé kan ṣoṣo bá ti ní tẹlifóònù, ilé yẹn ni gbogbo àdúgbò ti ń gba ìpè láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á rán ọmọdé pé kó sáré lọ pe ìyá lágbájá wá, pé ọmọ wọn wà lórí láìnì, ìyá náà á sì máa sáré bọ̀ tòun ti ìró tí kò tíì ró dáadáa. Àwọn bàbá kan ń fi àgádágodo há tẹlifóònù mọ́nú àpótí nítorí owó tí wọ́n máa san lóṣù. Ta ni nínú wọn tí yóò fi irú láìnì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ kó fi ṣe géèmù fún odindi ìrọ̀lẹ́?

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, Sega kéde pé bí oṣù kẹta bá ti parí, òun kò ní ṣe Dreamcast mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ sí í ta láìnì GSM fún aráàlú. Láàárín oṣù márùn-ún péré, ẹ̀rọ tó nílò tẹlifóònù kúrò lọ́jà, tẹlifóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọwọ́ aráàlú. Ó dùn mí títí di òní, nítorí pé kò sí ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé lọ́dọ̀ wa.

Àwọn ọ̀dọ́ kan á sọ pé, ẹ kúkú jẹ́ ká so Dreamcast mọ́ GSM. Kò ṣeé ṣe, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ sọ ìdí rẹ̀. Bí o bá ń sọ̀rọ̀ lórí GSM, fóònù kì í gbé ohùn rẹ lọ bó ṣe rí gan-an. Ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó máa ń mú ohun tó bá jọ ohùn ọ̀fun ọmọ ènìyàn nínú rẹ̀, ó máa ń ju èyí tó kù nù, kí gbogbo rẹ̀ lè gba inú àyè tóóró kan kọjá, nǹkan bí bíìtì 13,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn rẹ á dé òdì kejì, ìyá rẹ á sì mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣùgbọ́n ohùn tí módẹ́ẹ̀mù ń ké kò ti ọ̀fun ẹnikẹ́ni jáde. Ariwo tí wọ́n fi ìṣirò tò ni. Bí GSM bá ti gé e bẹ́ẹ̀, ohun tó máa dé òdì kejì kò ní ní ìtumọ̀ mọ́. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tẹlifóònù orí tábìlì tí Starcomms àti Multi-Links tà fún wa lẹ́yìn náà. Wọ́n jọ ti NITEL lójú, wọ́n ní wáyà lọ́rùn, ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì ń gé ohùn bíi ti GSM.

Íntánẹ́ẹ̀tì wá gba ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ wa. Ó gba orí òrùlé sàìbà kafé wọlé, láti inú abọ́ ńlá tó kọjú sí sátẹ́láìtì, kó tó wá wọnú fóònù ọwọ́ wa. Ẹ̀rọ géèmù pẹ̀lú gba ọ̀nà tirẹ̀ dé: tòkunbọ̀. PlayStation 2 ló gbalé gbòde. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jáde ní 2004, ní ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́yìn, síbẹ̀ ẹ bi àwọn tó ń ṣe ilé géèmù léèrè, bóyá ẹnì kan wà tó ki wáyà bọ ihò náà rí. Àwọn ọmọ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, páàdì lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù, ìyẹn sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ wà níbẹ̀ lófìfo, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ṣe é fún ni pé kí ọmọ Oǹdó lè gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọmọ Àkúrẹ́ láìwọ mọ́tò.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Apá tí kò dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, ìyẹn láìnì àti ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù tó wà ní òpin rẹ̀, a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe é lórí tábìlì, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí a ti pa tì. Ọmọ tó bá ṣe é tán ti mọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń rìn, dé ibi tí ẹni tó ń ra dátà láràárọ̀ kò lè mọ̀ láéláé.

Àwọn olólùfẹ́ Dreamcast ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló rí ọgbọ́n náà. Sega ṣe ohun tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ náà mọ́ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àmọ́ kò pọ̀, owó rẹ̀ sì gun òkè títí ó fi kọjá owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ni wọ́n bá bi ara wọn pé: bí Dreamcast bá ń wá ẹni tí yóò pè lórí tẹlifóònù, ṣé kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé yìí kò lè gbé ìpè náà ni? Kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ ní módẹ́ẹ̀mù tirẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù sí módẹ́ẹ̀mù, wáyà kúkurú kan láàárín, kò sí iléeṣẹ́ tẹlifóònù kankan níbẹ̀. Nígbà tó yá, Luke Benstead kọ sọ́fítíwià tó ń jẹ́ DreamPi, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi, pẹ̀lú módẹ́ẹ̀mù USB. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà àlòkù ni mo fara mọ́ fún tiwa. Raspberry Pi, owó dọ́là la fi ń rà á. Kọ̀ǹpútà Pentium tó ń kún fún eruku wà ní ilé ìtajà àti ọ́fíìsì káàkiri Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, DreamPi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà ní kọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú iṣẹ́ náà gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí.

Ẹ wo tábìlì tó wà níwájú mi. Ẹ̀rọ funfun yìí ni Dreamcast, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni. Kọ̀ǹpútà yìí, ọ́fíìsì kan ti fẹ́ tà á fún àwọn onírin. Àpótí dúdú kékeré tí iná pupa ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀ yìí ni módẹ́ẹ̀mù kọ̀ǹpútà. Irú tó máa ń wà ní ìta báyìí ni kí ẹ wá. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ jẹ́ àbọ̀ módẹ́ẹ̀mù: kò ní ọpọlọ tirẹ̀, Windows ló ń ronú fún un, bí ẹ bá sì gbé e lọ sórí Linux, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í mọ ohun tó fẹ́ ṣe mọ́. Wáyà tẹlifóònù kúkurú ló so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀.

Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì lórí Dreamcast báyìí pé kó pe íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní pè. Òun àti kọ̀ǹpútà jọ ń retí nǹkan mẹ́ta tí NITEL máa ń fún ènìyàn nígbà náà, tí wáyà òfìfo kò ní.

Èkíní ni iná. Ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù máa ń fi iná bátìrì, nǹkan bíi fóltì 48, ránṣẹ́ lórí wáyà bàbà lọ́sàn-án lóru. Ìdí nìyẹn tí tẹlifóònù NITEL fi máa ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, bí NEPA bá tilẹ̀ ti mú iná lọ. Bí o bá gbé ìgbọ́rọ̀sọ, iná yẹn á yí po, ilé ẹ̀rọ á sì mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ pe ìpè. Láàárín módẹ́ẹ̀mù méjì tí a so pọ̀ lásán, kò sí ẹni tó ń fi iná ránṣẹ́. Módẹ́ẹ̀mù kan lè fara dà á, òmíràn á yarí. Ohun tí a ṣe rèé: a gé ọ̀kan nínú wáyà tín-ín-rín méjì tó wà nínú okùn yìí, a fi lẹ́ẹ̀dì jó bátìrì fóltì 9 kan pẹ̀lú rẹsísítọ̀ kan sí àárín rẹ̀. Ẹ kò rí i bí? Irú bátìrì tí wọ́n ń kì bọ rédíò kékeré ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa: bátìrì kékeré ni mo wí o. Ẹ má fi iná BEDC inú ilé kan wáyà yìí láéláé, ẹ má sì lọ so ó mọ́ wáyà NITEL àtijọ́ tó ṣì ń rọ̀ lórí òpó káàkiri ìgboro. Ẹ kò mọ ohun tó fara kan án.

Èkejì ni ohùn gbọọrọ tó máa ń dún létí kí a tó tẹ nọ́ńbà, tó ń sọ fún ọ pé láìnì wà. Àwọn tó bá lo NITEL rántí rẹ̀, wọ́n sì rántí ìbànújẹ́ ọjọ́ tí kò bá dún. Dreamcast máa ń tẹ́tí sí i. Bí kò bá gbọ́ ọ, á ní kò sí láìnì. Ọ̀nà méjì ló wà. A lè wọ ibi ètò tó wà lórí díìsìkì ìbẹ̀wò íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, DreamKey fún ti Yúróòpù, PlanetWeb fún ti Amẹ́ríkà, ká sọ fún un pé kó pè láìdúró gbọ́ ohùn. Tàbí kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ gba ẹnu módẹ́ẹ̀mù rẹ̀ dún ohùn náà sí i létí, bí módẹ́ẹ̀mù náà bá jẹ́ irú tó lè gbé ohùn.

Ẹ̀kẹta ló ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Dreamcast ti tẹ nọ́ńbà, nọ́ńbà yòówù tó bá wù ọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó ń kà á. Kọ̀ǹpútà ò dá a lóhùn. Kí ló dé? Agogo kò dún. Láyé NITEL, ilé ẹ̀rọ ló ń fi iná tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí ẹni tí a pè, iná yẹn ló ń mú tẹlifóònù ké gbananana. Bátìrì wa kò lè ṣe ìyẹn. Nítorí náà, ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ fún módẹ́ẹ̀mù pé kó gbé ìpè tí kò gbọ́. Mo máa tẹ lẹ́tà mẹ́ta péré sórí kọ̀ǹpútà: A, T, A. Mo tẹ Enter. Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́.

Ohùn gígùn tó kọ́kọ́ jáde yẹn, kọ̀ǹpútà ló ní òun wà níbí. Fèrè tó tẹ̀ lé e, Dreamcast ló dáhùn. Ṣàààà tó gbòde kan yìí, àwọn méjèèjì ń yẹ wáyà wò láti mọ bí ariwo inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n lè fẹnu kò sórí bí wọ́n ṣe máa yára tó. Ó ti dákẹ́. Wọ́n ti gbà. 33,600 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó pọ̀ jù tí wọ́n lè bá ara wọn sọ, kódà bó bá jẹ́ Dreamcast ti Amẹ́ríkà, tí módẹ́ẹ̀mù rẹ̀ ń jẹ́ 56K. Iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì máa ń so ẹ̀rọ tirẹ̀ tààrà mọ́ ẹ̀rọ díjítà ilé tẹlifóònù, ibẹ̀ ni 56K ti ń wá. Lórí tábìlì wa, módẹ́ẹ̀mù lásán ló wà ní ìhà méjèèjì. Ti Yúróòpù, 33,600 náà ni agbára rẹ̀ láti iléeṣẹ́, a kò pàdánù ohunkóhun.

Ó kéré, mo mọ̀. Fọ́tò mẹ́gábáìtì 3 tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí ara yín láàárọ̀ máa gbà tó ìṣẹ́jú 12 lórí wáyà yìí. Ṣùgbọ́n géèmù kì í fi fọ́tò ránṣẹ́. Àwòrán gbogbo ti wà lórí díìsìkì. Ohun tó ń rìn lórí wáyà ni pé lágbájá ti yà sọ́tùn-ún, lágbájá ti fò. Bí wáyà yìí bá kún dẹ́múdẹ́mú fún wákàtí kan gbáko, lọ àti bọ̀, kò lè gbé ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 30 lọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bẹ̀rù owó dátà, ẹ fi ìyẹn wé fídíò tí àwọn ọmọ ń wò.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ ara wọn yé, Dreamcast á sọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé, kọ̀ǹpútà á fún un ní àdírẹ́sì. Àdírẹ́sì náà kò kúrò nínú yàrá yìí. Gbogbo wa la mọ P.M.B. ilé ìwé: lẹ́tà gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń gba àpótí kan ṣoṣo wọlé, akọ̀wé ló mọ ẹni tó ni èyí àti ẹni tó ni tọ̀hún. Akọ̀wé yẹn ni kọ̀ǹpútà wa báyìí. Ó ń gba ti Dreamcast, ó ń fi àdírẹ́sì tirẹ̀ ránṣẹ́ jáde, bí èsì bá dé, ó ń dá a padà fún ẹni tó ni ín. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lò fúnra rẹ̀, láti inú fóònù mi ló ti ń wá, nípasẹ̀ wáyà USB. Ẹ wá rí i pé GSM tó kọ ohùn módẹ́ẹ̀mù níjẹ́lòó ló wá ń gbé e lọ báyìí, nígbà tí kọ̀ǹpútà ti túmọ̀ rẹ̀ kúrò ní ariwo.

Níbo ló wá ń lọ? Àwọn sáfà tí Sega gbé kalẹ̀ ti kú tipẹ́. Àwọn olólùfẹ́ ló gbé òmíràn dìde, tí wọ́n fara balẹ̀ wo ohun tí géèmù ń béèrè, tí wọ́n sì kọ sọ́fítíwià tó ń dá a lóhùn bí ti àtijọ́. Phantasy Star Online, tó jáde ní Japan ní ìparí 2000 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú géèmù àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ń pàdé lórí ẹ̀rọ géèmù, ṣì wà láàyè lọ́nà bẹ́ẹ̀. Quake III Arena náà wà. Àwọn tó ni ín fún aráyé ní kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2005, ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè dá sáfà rẹ̀ sílẹ̀. Ìkànnì tòde òní ni ẹ̀rọ yìí kò ní lè ṣí, nítorí ìkọ̀kọ̀ ààbò tí wọ́n fi ń tì í kò sí nígbà tí wọ́n ṣe Dreamcast. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín nínú jẹ́, fóònù yín wà fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iná fún àwọn tó fẹ́ rà: Dreamcast tó bá ti Bìrìtìkó wá, iná wa bá a mu. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, fóltì 120 ló mọ̀, bí ẹ bá kì í bọ ihò iná wa lásán, ó parí nìyẹn.

Mo fẹ́ dé ibi tó kan Oǹdó àti Àkúrẹ́ gan-an. Láti Àkúrẹ́ gba Ọ̀wẹ̀nà dé Oǹdó, mọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ju wákàtí kan lọ. Bí ọmọ méjì bá ń ṣe géèmù Quake III láti ìlú méjèèjì lónìí, tí sáfà sì wà ní Jámánì, ọ̀rọ̀ tí ọmọ Oǹdó sọ gbọ́dọ̀ dé Èkó, kó gba abẹ́ òkun lọ sí Yúróòpù, kó tún gba abẹ́ òkun padà, kó tó dé Àkúrẹ́. Módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Bí ìrìn òkun bá tún kún un, géèmù á máa fà. Sáfà kan ṣoṣo ní ọ̀kan nínú yunifásítì wa máa yọ òkun kúrò níbẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ ní yunifásítì nítorí pé iléeṣẹ́ GSM máa ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ẹni tó ń lo fóònù lè pe ìta, ìta kò lè pe òun. Sáfà nílò àdírẹ́sì tirẹ̀, irú èyí tí ilé ẹ̀kọ́ gíga lè pèsè. Iṣẹ́ yìí tó iṣẹ́ àṣekágbá fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀ka iná mànàmáná, ó sì ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń dà kọ fún ara wọn lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà náà ń jẹ mí lọ́kàn. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network sọ nínú ìròyìn wọn pé nǹkan bíi kọ̀ńténà 500 tó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Èyí tó dára nínú rẹ̀ ló tàn dé ọ̀dọ̀ wa, tó ṣiṣẹ́ fún wa ní ọ́fíìsì, ní ilé ìwé àti ní sàìbà kafé. Ní báyìí, wọ́n ń fọ́ wọn yọ bàbà, wọ́n ń jó wáyà wọn ní gbangba, èéfín rẹ̀ sì ń wọ ihò imú àwọn ọmọ tó ń jó o. Nínú òkìtì yẹn ni módẹ́ẹ̀mù wà. Kò sí ẹni tó ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Èyí tó bá ti wọ iná, ó lọ nìyẹn.

Àwọn olùkọ́ kan ti sọ fún mi pé ọmọ tó wà ní ilé ìwé gíga lónìí lè kọ gbogbo ìpele nẹ́tíwọ́ọ̀kì sórí ìwé ìdánwò láìfọwọ́ kan wáyà rí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Lórí tábìlì yìí, ìpele kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ tàbí iná tirẹ̀, bí ọ̀kan bá sì kọ̀, ẹ mọ èyí tó kọ̀. Bátìrì ti kú: kò sí láìnì. Ẹ gbàgbé A, T, A: ó ń pè, kò sẹ́ni tó gbé e. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kò pé: wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ tán, wọ́n sì já. Ọmọ tó bá ti wá àṣìṣe báyìí rí kò ní bẹ̀rù ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kankan lọ́la.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ́fíìsì ní Alágbàká àti ní òpópónà Ọba Adéṣidà ní Àkúrẹ́, ẹ yẹ yàrá ìkẹ́rùsí yín wò kí ẹ tó pe àwọn onírin. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gba ọmọ kan tàbí méjì láàyè lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà láìjó ìka. Ẹ̀yin ọmọ Oǹdó àti Àkúrẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ funfun tí ẹ tì sábẹ́ ibùsùn láti ìgbà tí Kanu wà ní Arsenal, ẹ fi kún ẹrù nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ nílé. Ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ àti ti Adéyẹmí ní Oǹdó, tábìlì kan ní Àkúrẹ́, tábìlì kan ní Oǹdó, sáfà kan láàárín, owó rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ẹ pín iṣẹ́ náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní sáà tó ń bọ̀, kí ẹ sì pè wá wá wo ìdíje àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní módẹ́ẹ̀mù nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á. Ẹ gbé e wá.